Bí A Ṣe Ń Ṣe Práktíkà Ásíìdì Lẹ́sẹẹsẹ: Láti Orí Lítímọ́ọ̀sì Dé Orí Títréṣọ̀n

Ìbéèrè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ SS1 sí SS3 ń bi mí jù lọ nípa ásíìdì ni pé: "Kí ló dé tí ohun tí mo rí nínú tẹ́ẹ̀sìtì túùbù kò bá ti inú ìwé mu?" Àwọn òbí tó ń ran ọmọ lọ́wọ́ nílé náà ń béèrè rẹ̀. Bí mo bá wá ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n ṣe fún mi, màá rí i pé ásíìdì tí wọ́n lò kò bá iṣẹ́ náà lọ, tàbí pé wọn kò fá ojú mẹ́tààlì kí wọ́n tó jù ú sínú rẹ̀, tàbí pé wọ́n fi omi ṣan ohun tí kò yẹ kí wọ́n fi omi nìkan ṣan.

Mo to iṣẹ́ náà síbí lẹ́sẹẹsẹ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni màá ti pẹ́ jù. Ohun tí ẹ bá fojú rí ni kí ẹ kọ sílẹ̀, bí kò tilẹ̀ rí bí ẹ ti rò. Èyí tó kọ̀ tí kò ṣe nǹkan kan nínú túùbù ní ìdí tirẹ̀, ìdí yẹn gan-an sì ni olùdánwò ń wá.

## Kí ẹ tó ṣí ìgò kankan

Práktíkà ásíìdì kì í ṣe ohun tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń dá ṣe. Kí tíṣà wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ yẹ àwọn nǹkan wọ̀nyí wò ná:

- Awò tó bo ojú méjèèjì dáadáa. Awò ìkàwé kò tó.
- Bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀. Sílípáàsì kò wọ láàbù.
- Kóòtù láàbù tí ẹ de bọ́tìnnì rẹ̀, kí etí gèlè tàbí híjáàbù wà nínú kóòtù.
- Omi tó ń ṣàn. Bí ẹ̀rọ kò bá yọ omi, ẹ pọn kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan kún, kí ẹnikẹ́ni má fi fọ ìgò.
- Abọ́ sódà tí a fi ń ṣe àkàrà òyìnbó, fún ásíìdì tó bá dà sórí tábìlì.
- Fèrèsé ṣíṣí.
- Orúkọ lára gbogbo ìgò. Ìgò tí kò bá ní orúkọ, ẹ má lò ó, bó ti wù kó jọ omi tó.

Ẹ má tọ́ ásíìdì láàbù wò láé. Pé ásíìdì a máa kan lẹ́nu, ọsàn wẹ́wẹ́ ti kọ́ wa nílé, ìyẹn tó. Ẹ má sì jẹ́ kí ásíìdì kan omi bíláàṣì tí a fi ń fọ aṣọ funfun. Gáàsì kílóríìnì ló máa jáde, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Bí ásíìdì bá ta sí yín lára: omi ni, kíákíá, omi tó ń ṣàn, fún 20 ìṣẹ́jú. Ẹ bọ́ aṣọ tó ti rin bí omi ṣe ń ṣàn lé e lórí. Bó bá jẹ́ ojú ló ta sí, ẹ fi ìka ya ìpéǹpéjú kí omi lè wọlé dáadáa, lẹ́yìn náà kí ẹ gba ọsibítù lọ. Ẹ má fi epo pupa, ẹyin, ọṣẹ ìfọyín tàbí sódà sí ara tí ásíìdì kàn. Tábìlì ni sódà wà fún.

## Bíbu omi la ásíìdì ògidì

Tíṣà tàbí òṣìṣẹ́ láàbù ló ni iṣẹ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ á dúró lókèèrè wò ó. Mo kọ ọ́ síbí nítorí pé nínú gbogbo iṣẹ́ ásíìdì nílé ẹ̀kọ́, kò sí èyí tó léwu tó o.

HCl (háídírókílóríkì ásíìdì) ògidì, ìyẹn èyí tí a kò tíì bu omi là, tí ara ìgò rẹ̀ kọ 36% àti 1.18 g/cm³ máa ń tó nǹkan bí 11.6 mol/dm³ (iye móòlù, ìyẹn ìwọ̀n iye èròjà tí a ń lò nínú kẹ́místírì, tó wà nínú lítà kan). H₂SO₄ (súfúríkì ásíìdì) ògidì tó jẹ́ 98% àti 1.84 g/cm³ máa ń tó nǹkan bí 18.4 mol/dm³. Ẹ ka ara ìgò tiyín, kí ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà tí ẹ rí ní ibòmíràn.

- Fún 500 cm³ HCl tó jẹ́ 2 mol/dm³: ẹ bu 86 cm³ ògidì.
- Fún 500 cm³ H₂SO₄ tó jẹ́ 1 mol/dm³: ẹ bu 27 cm³ ògidì.

1. Ẹ da nǹkan bí 300 cm³ omi dísítíìlì (omi tí wọ́n sọ di oru, tí wọ́n sì tún sọ di omi kó lè mọ́) sínú bíkà ńlá.
2. Ẹ gbé bíkà náà sínú abọ́ omi tútù. Fún H₂SO₄, ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí.
3. Ẹ wọn ásíìdì nínú sílíńdà ìwọ̀n tó gbẹ.
4. Ẹ máa da ásíìdì sínú omi díẹ̀díẹ̀, kó máa gba ara bíkà ṣàn sílẹ̀, kí ẹ sì máa fi ọ̀pá dígí rò ó.
5. Ẹ dúró kó tutù pátápátá. Lẹ́yìn náà, ẹ dà á sínú fláàsìkì 500 cm³, kí ẹ fi omi kún un dé ojú ìlà.
6. Ẹ dé e, ẹ mì í, ẹ kọ orúkọ, ìwọ̀n àti déètì sí i lára.

Ásíìdì ló ń wọ inú omi. Ẹ má da omi sínú ásíìdì ògidì. H₂SO₄ ògidì fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó omi lọ́nà méjì, nítorí náà omi tí ẹ bá dà lé e lórí á léfòó, ooru tó jáde á mú omi náà hó lójijì, á sì ta ásíìdì sójú ẹni tó ń dà á. HCl ògidì ní tirẹ̀ ń rú èéfín tó ń ta nímú, ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ni kí ẹ ti ṣí i.

Bí ẹ bá nílò 0.1 mol/dm³ fún títréṣọ̀n (wíwá ìwọ̀n nǹkan nípa kíkán ásíìdì sínú álíkálì títí àwọ̀ á fi yí), ẹ má padà sídìí ògidì. Ẹ bu 50 cm³ nínú HCl 2 mol/dm³ yẹn, kí ẹ fi omi kún un di 1 dm³.

## Ìdánwò àwọ̀

1. Ẹ fi ọ̀pá dígí tó mọ́ kan ásíìdì, ẹ wá fi ọ̀pá náà kan pépà lítímọ́ọ̀sì (pépà tó ń fi àwọ̀ dá ásíìdì mọ̀). Ẹ má ri pépà bọ inú ìgò, ásíìdì gbogbo kíláàsì lẹ ó bà jẹ́.
2. Ẹ lo pépà búlúù àti pupa pọ̀.
3. Ẹ bu 2 cm³ ásíìdì sínú túùbù méjì. Ẹ kán fẹnọfítálíìnì ẹ̀kán méjì sí ọ̀kan, kí ẹ kán methyl orange ẹ̀kán méjì sí èkejì. Omi tó ń fi àwọ̀ dá ásíìdì mọ̀ ni àwọn méjèèjì.
4. Ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe pẹ̀lú NaOH (sódíọ̀mù háídírọ́ksáìdì, ó jẹ́ álíkálì, òdìkejì ásíìdì), kí ẹ lè rí ìyàtọ̀.

Ohun tó yẹ kí ẹ rí:

- Lítímọ́ọ̀sì búlúù di pupa nínú ásíìdì. Èyí tó pupa tẹ́lẹ̀ kò yí padà.
- Fẹnọfítálíìnì kò ní àwọ̀ nínú ásíìdì, ó di píǹkì nínú álíkálì.
- Methyl orange pupa nínú ásíìdì, ó di yẹ́lò nínú álíkálì.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí ni pé kí ọmọ lo pépà pupa nìkan, kó rí i pé kò yí, kó wá kọ pé omi náà kì í ṣe ásíìdì. Pépà pupa tí kò yí padà kò tíì sọ nǹkan kan: ásíìdì lè wà níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ omi lásán.

Bí lítímọ́ọ̀sì kò bá sí, zobo wà. Òdòdó isápá pupa gbígbẹ tí wọ́n ń tà lọ́jà ń ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa:

1. Ẹ da omi gbígbóná lé ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ fi sílẹ̀ fún 15 ìṣẹ́jú. Ẹ má fi ṣúgà, ata ilẹ̀ tàbí nǹkan amóhùndùn kankan sí i.
2. Ẹ sẹ́ ẹ, kó tutù.
3. Ẹ kán an ẹ̀kán márùn-ún sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́, fínígà funfun, omi lásán, omi ọṣẹ, omi eérú àti omi káún, kálukú nínú ife dígí tirẹ̀.

Nínú ọsàn wẹ́wẹ́ àti fínígà, pupa rẹ̀ á mọ́lẹ̀ sí i. Nínú omi eérú àti káún, ó máa ń kúrò ní pupa, á lọ sápá àwọ̀ ewé. Bó bá pẹ́ nínú NaOH tó le, ó lè di yẹ́lò, nítorí náà ojú ẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ àwọ̀ tí ẹ rí. Ata ilẹ̀ pupa (turmeric) náà wúlò, àmọ́ álíkálì nìkan ló ń fi hàn: ó ń di pupa rúsúrúsú nínú rẹ̀. Yẹ́lò ló ń jẹ́ nínú ásíìdì, yẹ́lò náà ló ń jẹ́ nínú omi lásán, kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

## Ásíìdì àti mẹ́tààlì

Ohun tí ẹ nílò: HCl 2 mol/dm³, H₂SO₄ 1 mol/dm³, magnísíọ̀mù, síǹkì, ìṣó irin, wáyà bàbà, sáńpépà, ìṣáná.

1. Ẹ fi sáńpépà fá mẹ́tààlì kọ̀ọ̀kan títí á fi máa dán. Magnísíọ̀mù tó ti dúdú lójú kì í tètè ṣe nǹkan kan.
2. Ẹ da ásíìdì 5 cm³ sínú túùbù mẹ́rin.
3. Ẹ ju mẹ́tààlì kan sínú túùbù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tóbi bákan náà. Magnísíọ̀mù 2 cm ti tó.
4. Ẹ fi àtàńpàkò dé ẹnu túùbù tó ń hó, láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gan-an, títí ẹ ó fi mọ̀ pé gáàsì ń tì í.
5. Ẹ ṣáná. Ẹ ṣí àtàńpàkò, kí ẹ sì gbé iná náà sí ẹnu túùbù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Háídírójìn á dún "pọ́ọ̀".

Magnísíọ̀mù ló máa yára jù, túùbù rẹ̀ á gbóná. Síǹkì á tẹ̀ lé e. Irin á lọ́ra, omi rẹ̀ á sì máa dà bí àwọ̀ ewé tó rẹ̀ bó bá pẹ́. Bàbà kò ní ṣe nǹkan kan.

Ibi tí ìbéèrè ti ń pọ̀ nìyí:

"Síǹkì mi kò hó dáadáa." Síǹkì tó mọ́ gan-an máa ń lọ́ra. Ẹ kán omi CuSO₄ (sọ́fétì bàbà) ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta sí i, á yára.

"Bàbà kò hó. Ṣé ásíìdì wa ti bàjẹ́ ni?" Rárá. Bàbà wà lábẹ́ háídírójìn nínú ètò agbára mẹ́tààlì (ètò tó to mẹ́tààlì láti orí èyí tó yára ṣiṣẹ́ jù dé èyí tó lọ́ra jù), kò lè lé e kúrò nínú ásíìdì. Ẹ kọ pé ẹ kò rí ìyípadà kankan. Ìdáhùn tó pé ni.

"Mo rí nǹkan díẹ̀ lára òjé, lẹ́yìn náà ó dúró." Iyọ̀ òjé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde kì í yọ́ nínú omi tútù, ó ń bo ojú òjé náà, ásíìdì kò sì ráàyè kàn án mọ́. Álúmíníọ̀mù ń ṣe òdìkejì: kò ní ṣe nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀ nítorí ọ́ksáìdì tó bo ojú rẹ̀, nígbà tí ásíìdì bá ti jẹ ọ́ksáìdì yẹn tán ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

"Ṣé a lè lo HNO₃ (náítríkì ásíìdì)?" Ẹ má lò ó fún ìdánwò yìí. Kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ háídírójìn, àyàfi tí omi inú rẹ̀ bá pọ̀ gan-an tí mẹ́tààlì sì jẹ́ irú magnísíọ̀mù. Gáàsì tó wà nídìí tirẹ̀ ń di àwọ̀ ilẹ̀ nínú atẹ́gùn, ó sì ní májèlé.

Sódíọ̀mù àti pọtásíọ̀mù kò gbọdọ̀ kan ásíìdì láé, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n máa bú gbàmù.

## Ásíìdì àti kábónéètì

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé ó ṣeé ṣe ní ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní nǹkan púpọ̀. Èèpo ẹyin jẹ́ kábónéètì kálísíọ̀mù (CaCO₃), ìkarahun ìgbín náà bẹ́ẹ̀. Káún pàápàá ní kábónéètì nínú. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí káún, ẹ ó rí i bó ṣe máa hó.

Ohun tí ẹ nílò: èèpo ẹyin tí ẹ ti fọ̀, tí ẹ ti bó awọ inú rẹ̀, tí ẹ sì lọ̀, HCl 2 mol/dm³, omi láìmù tó tòrò (limewater tí a fi ń dá CO₂, ìyẹn kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì, mọ̀; kì í ṣe omi ọsàn wẹ́wẹ́), túùbù méjì, ìdérí rọ́bà tó ní ọ̀pá dígí.

1. Ẹ da omi láìmù 3 cm³ sínú túùbù kan. Ẹ gbé e sókè, kí ẹ rí i dájú pé ó tòrò. Bó bá ti ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ẹ sẹ́ ẹ.
2. Ẹ da èèpo ẹyin ìdajì ṣíbí sínú túùbù kejì.
3. Ẹ bu HCl 5 cm³ lé e, kí ẹ fi ìdérí náà dé e kíá.
4. Ẹ ti orí ọ̀pá bọ inú omi láìmù, kó kan ìsàlẹ̀.
5. Ẹ wò ó. Láìpẹ́, omi láìmù á funfun bí omi ògì.
6. Ẹ má tíì yọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí gáàsì máa wọlé, ẹ ó rí i pé funfun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́.
7. Ẹ yọ ọ̀pá kúrò nínú omi kí hóhó tó dáwọ́ dúró, kí omi láìmù má baà fà padà.

Funfun àkọ́kọ́ ni CaCO₃ tí kì í yọ́. Bí CO₂ bá pọ̀ jù, ó ń sọ ọ́ di Ca(HCO₃)₂ tó ń yọ́ nínú omi. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wo ibòmíràn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ á padà bá omi tó mọ́, wọ́n á wá kọ pé kò sí CO₂. Ẹ má gbójú kúrò lára túùbù náà.

Ẹ má fi H₂SO₄ sórí mábù (òkúta tó jẹ́ CaCO₃) tàbí èèpo ẹyin. Á hó fún ìgbà díẹ̀, á sì dákẹ́, bẹ́ẹ̀ mábù ṣì wà níbẹ̀, ásíìdì náà ṣì wà. CaSO₄ tó ń jáde kò fi bẹ́ẹ̀ yọ́, ó ń bo ojú mábù mọ́lẹ̀. HCl tàbí HNO₃ ni kí ẹ lò. Bó bá jẹ́ H₂SO₄ nìkan ló wà nílé, ẹ fi sórí Na₂CO₃ (kábónéètì sódíọ̀mù) tàbí káún, sọ́fétì wọn ń yọ́.

Hóhó nìkan kò tó láti sọ pé CO₂ ni. Ásíìdì lórí súfáìtì náà ń hó, gáàsì rẹ̀ a máa ta nímú bí imí ọjọ́ tí ń jó. Tó bá jẹ́ súfáìdì ni, òórùn ẹyin tó ti kú lẹ ó gbọ́. Omi láìmù funfun àti gáàsì tí kò ní òórùn ni kí ẹ fi dájọ́. Bí ẹ bá fẹ́ gbóòórùn, ẹ fi ọwọ́ fẹ́ gáàsì wá sí imú díẹ̀. Ẹ má ki imú bọ ẹnu túùbù.

Omi láìmù tí ẹ ṣí sílẹ̀ lálẹ́ ànà ti gba CO₂ inú atẹ́gùn, ojú rẹ̀ á ti ní èépá funfun. Tuntun ni kí ẹ lò.

## Ásíìdì àti ọ́ksáìdì

Ẹ gbé H₂SO₄ 1 mol/dm³, 25 cm³, sórí iná kékeré kó gbóná díẹ̀, kó má hó. Ẹ máa bu CuO (ọ́ksáìdì bàbà) dúdú sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó, títí èyí tí ẹ bù kẹ́yìn kò fi ní yọ́ mọ́. Ẹ sẹ́ ẹ. Omi búlúù ni ẹ ó rí. Ẹ gbé e sórí iná títí tí omi inú rẹ̀ fi máa dín kù sí nǹkan bí ìdajì, ẹ gbé e kalẹ̀, kó dọ̀la. Iyọ̀ búlúù tó ń dán á ti wà nísàlẹ̀. Ẹ má fi sórí iná títí á fi gbẹ, omi tó wà nínú iyọ̀ náà á lọ, á sì funfun.

## Títréṣọ̀n

Ìbéèrè kìn-ín-ní nínú práktíkà WAEC nìyí, máàkì sì wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó bá fara balẹ̀. Ásíìdì ló máa ń wà nínú búrẹ́ẹ̀tì (ọ̀pá dígí gígùn tó ní nọ́ńbà lára àti ẹ̀rọ nísàlẹ̀), álíkálì nínú pípẹ́ẹ̀tì (ọ̀pá dígí tí a fi ń fa ìwọ̀n kan pàtó). NaOH tó bá pẹ́ nínú búrẹ́ẹ̀tì tí ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́ dígí lè mú un há.

Ṣíṣàn, ibi tí ìṣírò ti ń bàjẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀:

- Búrẹ́ẹ̀tì: omi dísítíìlì, lẹ́yìn náà ásíìdì tó fẹ́ wọ inú rẹ̀.
- Pípẹ́ẹ̀tì: omi dísítíìlì, lẹ́yìn náà álíkálì tí ẹ fẹ́ fi wọ̀n.
- Fláàsìkì kóníkà (ìgò dígí tí ìdí rẹ̀ fẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ tóóró): omi dísítíìlì nìkan. Ẹ má fi álíkálì ṣan án láé.

Omi tó kù nínú búrẹ́ẹ̀tì á la ásíìdì, nọ́ńbà tí ẹ máa kà á ga ju bó ṣe yẹ. Álíkálì tó kù lára fláàsìkì á pọ̀ ju 25.00 cm³ tí ẹ wọ̀n lọ, nọ́ńbà náà á tún ga. Omi lásán tó kù nínú fláàsìkì kò pa nǹkan kan lára, nítorí kò fi kún iye álíkálì, kò sì yọ nínú rẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí màá lò ni Na₂CO₃ 0.0500 mol/dm³, ìyẹn 5.30 g gbígbẹ nínú 1 dm³, pẹ̀lú HCl tí a ò tíì mọ ìwọ̀n rẹ̀ gan-an.

1. Ẹ de búrẹ́ẹ̀tì mọ́ ìdúró rẹ̀, kó nàró ṣánṣán.
2. Ẹ fi fọ́nẹ́ẹ̀lì da ásíìdì sínú rẹ̀, kí ẹ yọ fọ́nẹ́ẹ̀lì kúrò. Bí ẹ bá fi sílẹ̀, ẹ̀kán kan lè jábọ́ láti ibẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ.
3. Ẹ ṣí ẹ̀rọ rẹ̀ díẹ̀, kí atẹ́gùn tó há sí ẹnu ìsàlẹ̀ jáde.
4. Ẹ ka ìsàlẹ̀ ibi tí ojú omi ti tẹ̀ wọnú, kí ojú yín dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà méjì lẹ́yìn ààmì: 0.00, kì í ṣe 0.
5. Ẹ fi bọ́ọ̀lù rọ́bà fa Na₂CO₃ 25.00 cm³ sínú pípẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tú u sínú fláàsìkì. Ẹ fi ẹnu pípẹ́ẹ̀tì kan ara fláàsìkì. Ẹ̀kán tó kù lẹ́nu rẹ̀, ẹ má fẹ́ ẹ jáde. Wọ́n ti ka ìyẹn mọ́ ọn nígbà tí wọ́n ṣe é.
6. Ẹ kán methyl orange ẹ̀kán méjì sí i. Á di yẹ́lò. Ẹ gbé pépà funfun sábẹ́ fláàsìkì.
7. Ẹ fi ọwọ́ kan di ẹ̀rọ búrẹ́ẹ̀tì mú, kí ẹ fi ìkejì máa mi fláàsìkì yípo. Ẹ tú ásíìdì sílẹ̀.
8. Bí àwọ̀ bá ti ń pẹ́ kó tó padà sí yẹ́lò, ẹ dín in kù sí ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi omi dísítíìlì díẹ̀ ṣan ara fláàsìkì.
9. Ẹ̀kán tó bá sọ yẹ́lò di àwọ̀ ọsàn, tí kò sì padà mọ́, ni kí ẹ ti dúró. Bó bá ti pupa, ẹ ti kọjá.
10. Ẹ kà á, ẹ kọ ọ́, ẹ tún ṣe.

| | Ìdánrawò | 1 | 2 | 3 |
|---|---|---|---|---|
| Nọ́ńbà ìparí (cm³) | 25.20 | 24.60 | 49.10 | 24.60 |
| Nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ (cm³) | 0.00 | 0.00 | 24.60 | 0.00 |
| Ásíìdì tó lọ (cm³) | 25.20 | 24.60 | 24.50 | 24.60 |

Àwọn tí ìyàtọ̀ wọn kò ju 0.20 cm³ lọ ni kí ẹ fi wá ìpíndọ́gba. Ẹ má ka ìdánrawò mọ́ ọn. (24.60 + 24.50 + 24.60) ÷ 3 = 24.57 cm³.

Na₂CO₃ + 2HCl → 2NaCl + H₂O + CO₂

Móòlù Na₂CO₃ = 0.0500 × 25.00 ÷ 1000 = 0.00125. Móòlù HCl jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀, 0.00250. Ìwọ̀n HCl = 0.00250 × 1000 ÷ 24.57 = 0.102 mol/dm³. Ẹni tó bá gbàgbé nọ́ńbà 2 tó wà níwájú HCl á rí 0.0509, ìdajì ìdáhùn ni.

Fẹnọfítálíìnì kò bá Na₂CO₃ àti HCl lọ. Píǹkì rẹ̀ á pòórá nígbà tí ásíìdì bá dé nǹkan bí 12.3 cm³, nígbà tí kábónéètì ṣẹ̀ṣẹ̀ di NaHCO₃. Ẹ ó rò pé ẹ ti parí, bẹ́ẹ̀ ìdajì ọ̀nà lẹ wà. Fún ásíìdì aláìlágbára bíi fínígà pẹ̀lú NaOH, fẹnọfítálíìnì ló yẹ, methyl orange ni kò bá a lọ. HCl pẹ̀lú NaOH gba méjèèjì.

Ẹ má kó nọ́ńbà ẹnìkejì yín. Búrẹ́ẹ̀tì àti ojú yín yàtọ̀, olùdánwò sì máa ń rí i tí nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ẹni méjì bá bára mu dé orí ẹ̀kán ìkẹyìn.

## Alágbára àti aláìlágbára

Ẹ ju magnísíọ̀mù 2 cm sínú HCl 1 mol/dm³, 10 cm³, kí ẹ ju òmíràn tó gùn bákan náà sínú ásíìdì ethanoic 1 mol/dm³, 10 cm³. Ti HCl á yára tán, ti èkejì á máa fà lẹ́yìn. Ẹ dúró títí magnísíọ̀mù méjèèjì fi máa tán: iye háídírójìn kan náà ni wọ́n máa yọ, nítorí ásíìdì méjèèjì ju ohun tí magnísíọ̀mù náà nílò lọ. Ní 0.1 mol/dm³, pH (nọ́ńbà tó ń fi bí omi ṣe jẹ́ ásíìdì tó hàn, èyí tó kéré ló jẹ́ ásíìdì jù) HCl jẹ́ 1, ti ethanoic sún mọ́ 3.

Ọ̀pọ̀ ló ń da agbára pọ̀ mọ́ ògidì. HCl tí ẹ bu omi là títí dé 0.001 mol/dm³ ṣì jẹ́ alágbára, torí pé gbogbo rẹ̀ ló tú sí áyọ́ọ̀nù (èérún tó ní agbára iná lára) nínú omi.

## Kíkọ ohun tí ẹ rí

Mẹ́ta ni ìlà tí wọ́n ń retí: ohun tí ẹ ṣe, ohun tí ẹ rí, ohun tí ó túmọ̀ sí. Ẹ má kó wọn pọ̀. "CO₂ jáde" kì í ṣe ohun tí ẹ rí. Ohun tí ẹ rí ni pé ó hó, gáàsì náà kò ní àwọ̀ àti òórùn, ó sì sọ omi láìmù di funfun. CO₂ wà ní ìlà kẹta. "Ó mọ́" kò sì dọ́gba pẹ̀lú "kò ní àwọ̀": omi CuSO₄ mọ́ kedere, síbẹ̀ búlúù ni.

## Bí ilé ẹ̀kọ́ yín kò bá ní èlò

- Mábù: èèpo ẹyin tàbí ìkarahun ìgbín.
- Bàbà: wáyà iná tí ẹ ti bó rọ́bà rẹ̀, tí ẹ sì fi sáńpépà fá.
- Ásíìdì: fínígà funfun 5%, ó tó nǹkan bí 0.8 mol/dm³. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí ẹ ti sẹ́ náà dára fún àwọ̀ àti káún.
- Búrẹ́ẹ̀tì: síríǹjì 10 cm³ tí kò ní abẹ́rẹ́. Ìdánrawò ọwọ́ nìkan ló wà fún.

Ẹ má ra omi bátìrì mọ́tò tàbí ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún práktíkà. Ẹ kò mọ ìwọ̀n wọn, ti bátìrì sì le tó láti jó ara àti aṣọ.

## Kíkó nǹkan nílẹ̀

1. Ẹ da gbogbo ásíìdì tó ṣẹ́kù sínú ike kan, kí ẹ máa wọ́n sódà sí i títí kò fi ní hó mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ dà á nù pẹ̀lú omi púpọ̀.
2. Ẹ yọ síǹkì àti irin tó kù, ẹ ṣan wọ́n, ẹ gbẹ wọ́n, wọ́n ṣì wúlò.
3. Ẹ má da CuSO₄ sínú gọ́tà. Ẹ kó iyọ̀ rẹ̀ sínú ìgò tó lórúkọ fún kíláàsì tó ń bọ̀.
4. Ẹ fi omi ṣan búrẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ dorí rẹ̀ kodò lára ìdúró rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí.
5. Ẹ fọ ọwọ́ yín pẹ̀lú ọṣẹ kí ẹ tó jáde ní láàbù.